Hẹ́kítà kan nínú igbó Omo: igi mẹ́ta, orúkọ kan. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí

Akẹ́kọ̀ọ́ Igbó — Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ àṣekágbá ni mò ń ṣe lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ní kí n lọ ka gbogbo oríṣi igi tó wà nínú hẹ́kítà kan ní igbó Omo, lápá Ìjẹ̀bú. Ọgọ́rùn-ún mítà lóròó, ọgọ́rùn-ún mítà níbùú, kí n pín in sí ojú ilẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 20 mítà sí 20 mítà. Igi tó bá ti sanra tó sẹ̀ǹtímítà 10 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí n wọ̀n ọ́n, kí n kan nọ́ńbà mọ́ ọn, kí n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ní. Lójú mi, eré ọmọdé ni.

Ọjọ́ kìíní rèé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la débẹ̀, èmi, ọ̀rẹ́ mi kan, àti bàbá kan tó ń mú wa rìn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, ojú ilẹ̀ kan ṣoṣo la parí. Okùn wa há sínú ìtàkùn, a tú u, ó tún há. Ọ̀rẹ́ mi gbá èsìsì mú, ó bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́ (ẹ má sọ fún un pé èmi ni mo sọ ọ́). Igi mọ́kànlá ni a kò mọ orúkọ wọn rárá. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé igi mẹ́ta tí ewé wọn kò jọra lójú mi, ayùnrẹ́ ni bàbá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tún bi wọ́n, wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n ní, "Ayùnrẹ́ náà ni."

Àràbà kan sì wà níbẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ là sí ẹ̀gbẹ́ bí ògiri, ó ga jù mí lọ. Ìwé ní kí n wọn igi ní mítà 1.3 láti ilẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe igi, ògiri ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọn ògiri?

Bàbá Fọ́rẹ́sítì — Ọjọ́ Ajé, 10:25 alẹ́

Ọmọ mi, o káre. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú igbó ọba kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò tíì rí ẹni tí ọjọ́ kìíní rẹ̀ dára.

Ti àràbà kò le. A kì í wọn gbòǹgbò. Gbé àkàbà, gùn ún dé ibi tí gbòǹgbò ti parí tí igi ti di roboto, fi sẹ̀ǹtímítà 50 lé e, ibẹ̀ ni kó o ti wọ̀n ọ́n. Fi ọ̀dà fa ìlà yí i ká níbẹ̀, kó o sì kọ gíga ibẹ̀ sínú ìwé rẹ. Ẹni tó bá padà wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ojú ìlà yẹn náà ló gbọ́dọ̀ lọ. Bó bá wọ̀n ọ́n níbòmíràn, á ní igi ti sanra sí i tàbí á ní ó ti rù, irọ́ sì ni méjèèjì. Bí o kò bá ní tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n ṣe fún igi, ti télọ̀ náà á ṣe é: wọn àyíká igi, pín in sí 3.14. Igi tí àyíká rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 31.4, kì í ṣe tìrẹ, kọjá lára rẹ̀.

Ká wá sọ ti orúkọ. Bàbá tó mú yín rìn kò purọ́. À ń pe Albizia zygia ní ayùnrẹ́, à ń pe Albizia ferruginea ní ayùnrẹ́, Albizia adianthifolia náà, ayùnrẹ́ ni. Ẹni tó ń wá èèpo tó fẹ́ sè, orúkọ yẹn tó o. Ìwọ tó ń ka oríṣi, kò lè tó ọ. Afàrà náà ńkọ́? Afàrà funfun, tí èèpo rẹ̀ mọ́lẹ̀, Terminalia superba nìyẹn. Afàrà dúdú tí a tún ń pè ní ìdígbò, tí èèpo rẹ̀ dúdú tó sì là gàrà-gàrà, Terminalia ivorensis ni. Bí o bá kọ "afàrà" lásán, o ti pa igi méjì pọ̀ di ọ̀kan.

Má sì kàn gbójú sókè lásán, ọrùn ló máa dùn ọ́. Ewé wà lókè ní ọgbọ̀n mítà. Fi ẹnu àdá ha èèpo díẹ̀, kó má ju èékánná lọ, wo àwọ̀ inú rẹ̀, gbóòórùn rẹ̀, dúró wò ó bóyá oje á jáde. Ahùn á da wàrà funfun. Inú èèpo ọ̀gànwó pupa, ó sì korò bí jogbo. Ìrẹ́ ni kó o fi kọ́ ọwọ́. Oríṣi méjì ló wà. Oje ìrẹ́ gidi, Funtumia elastica, bí o bá fi ìka méjì yí i, á di róbà, wàá lè fà á gùn. Akọ ìrẹ́, Funtumia africana, tiẹ̀ á kàn máa lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Ewé wọn jọra débi pé èmi náà ti ṣì wọ́n mú rí. Ìrẹ́ gidi yìí ni àwọn èèyàn tú wọ igbó tìtorí rẹ̀ ní nǹkan bí 1895, nígbà tí róbà dówó lókè òkun. Wọ́n ha á, wọ́n ha á, títí igi fi kú lọ bẹẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o má ha ju èékánná lọ.

Ìyá Ewé Gbígbẹ — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú làákàyè, Bàbá. Àbúrò, ibi tí wọ́n ti ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ fún ìwádìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà gbọ́ tèmi kó o tó padà wọgbó.

Lọ́dọọdún, tí àsìkò iṣẹ́ àṣekágbá bá ti tó, àwọn ọmọ á gbé ọ̀rá dé. Ewé kan ṣoṣo ló máa wà nínú rẹ̀, á ti jẹrà. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ igi yìí?" Níbo lo ti já a? "Inú igbó." Ó ga tó báwo? "Ó ga gan-an, mà." Ṣé ó ní oje? "Mi ò wò ó, mà." Kí ni kí n fi èyí ṣe?

Ẹ̀ka ni kó o gé, kó gùn tó ìwé ìròyìn tí a ṣẹ́ po, kí a lè rí bí ewé ṣe tò lára rẹ̀ àti ọ̀munú tó wà ní orí ẹ̀ka. Bó bá ní òdòdó tàbí èso, ayọ̀ ni. Bí kò bá ní, ti pé o ń ka hẹ́kítà kan, púpọ̀ nínú wọn ò ní ní in, mú un wá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìdí igi dáadáa, bóyá èso àtijọ́ ti já sílẹ̀. Gé e ní mẹ́ta: ọ̀kan tìrẹ, méjì fún ibi tí wọ́n ti máa tọ́jú rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára igi ni kó wà lára ẹ̀ka.

Ohun tí gbígbẹ máa pa rẹ́ ni kó o kọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: àwọ̀ òdòdó, òórùn, àwọ̀ oje, bí igi ṣe ga tó. Àwọn tí mo lè rí lára ẹ̀ka, má dà mí láàmú pẹ̀lú rẹ̀. Bí o ò bá lè sá a lọ́jọ́ náà, fi ìwé ìròyìn wé e, tò wọ́n sínú ọ̀rá tó nípọn, da sípíríìtì alábẹ́rẹ́ sí i, so ẹnu rẹ̀ pinpin. Á wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹrà. Pẹ́ńsù ni kó o fi kọ̀wé o! Mo ti gba ẹrù ọmọ kan rí tó jẹ́ báírò ló fi kọ nọ́ńbà, sípíríìtì fọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ odidi oṣù kan, ewé tí kò lórúkọ. Ọmọ náà jókòó sí kọ́rídọ̀ wa, kò lè dìde.

Ti àwọn mọ́kànlá tí ẹ ò mọ̀, fún wọn ní orúkọ àfipamọ́. Kọ "ayùnrẹ́ A, ayùnrẹ́ B", tàbí "olóje pupa". Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé tí o bá tún pàdé rẹ̀ lójú ilẹ̀ kejì, orúkọ kan náà ni kó o pè é. Lẹ́yìn náà, kọ lẹ́tà tọrọ àyè ní ilé ewé gbígbẹ ti FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba, ní Ìbàdàn, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí FHI. Ewé tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Gbé tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Táyé Tẹ́kì — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:51 àárọ̀

Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n ìyà kí nìyí? Ápù wà tó jẹ́ pé kéèyàn kàn ya ewé ní fọ́tò, á sọ orúkọ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Dróònù náà wà, á fò lórí igbó, á ya gbogbo rẹ̀. Ìwé ìròyìn àti sípíríìtì, láyé tá a wà yìí?

Bàbá Fọ́rẹ́sítì — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 àárọ̀

Táyé, gbé fóònù rẹ, ká jọ lọ. Èmi á gbé àkàbà.

Ìyá Ewé Gbígbẹ — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣàánú ọmọ náà 😂

Táyé, mi ò bá ápù jà, mo ní ọ̀kan lórí fóònù mi. Ó dára fún òdòdó etí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti fi hàn án rí ló mọ̀, igi inú igbó wa tí wọ́n ti fi hàn án kò sì pọ̀. Inú igbó yẹn, ìdí igi tó kún fún ewédò ni fóònù rẹ máa rí, ewé wà lókè níbi tí ọwọ́ ò tó. Dróònù ní tiẹ̀, orí igi tó ga jù ló máa rí, èyí tó wà lábẹ́ wọn ò sí nínú fọ́tò rẹ̀. Kó ya fọ́tò ni o: èèpo, ibi tó ha, ewé níwájú àti lẹ́yìn, kó fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní ogún ọdún sí i bá sọ pé orúkọ tó pe igi yẹn kò tọ̀nà, ewé gbígbẹ ni a máa gbé jáde tá a máa tún wò. Wọ́n tiẹ̀ ń yọ DNA lára ewé tí wọ́n ti sá pamọ́ láyé àwọn òyìnbó amúnisìn.

Olùkọ́ Ìṣirò — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀. Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi: kí ló dé tó fi jẹ́ hẹ́kítà kan lójú kan?

Àwọn tó ń ka igbó lójú kan, ìdí tiwọn yàtọ̀. Ní erékùṣù Barro Colorado ní Panamá, àwọn onímọ̀ nípa igbó méjì, Stephen Hubbell àti Robin Foster, bẹ̀rẹ̀ sí í ka hẹ́kítà 50 láti 1980. Gbogbo igi tó bá ti sanra tó sẹ̀ǹtímítà 1, wọ́n kan nọ́ńbà mọ́ ọn, láti 1985 sì ni wọ́n ti ń tún un kà ní nǹkan bí ọdún márùn-ún márùn-ún. Ẹ má lọ jìnnà: Korup wà ní Kamẹrúùnù níbí, lẹ́bàá ibodè wa, hẹ́kítà 50 náà ni. Igi tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní 300,000, oríṣi rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500. Irú iṣẹ́ yẹn, èyí tó kú àti èyí tó hù ni wọ́n ń wá, wọ́n lówó, wọ́n léèyàn. Àbúrò yìí, okùn àti ọ̀rẹ́ tí èsìsì jó ló ní.

Alwyn Gentry, onímọ̀ ewéko ará Amẹ́ríkà, ni kó wò. Ọkùnrin yẹn, ìlà mẹ́wàá ló máa ń fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan 50 mítà ní gígùn, mítà 2 ní fífẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdámẹ́wàá hẹ́kítà lọ. Ohun tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, ìtàkùn pẹ̀lú, á kà á. Bó ṣe ṣe é káàkiri ayé nìyẹn títí ọkọ̀ òfuurufú fi já pẹ̀lú rẹ̀ ní Ecuador lọ́dún 1993. Òun náà ló fi hàn pé hẹ́kítà kan lẹ́bàá Iquitos ní Peru lè ní oríṣi igi tó tó 300. Tiwa níhìn-ín, ọ̀pọ̀ hẹ́kítà ni kì í pé 100.

Ìmọ̀ràn mi: fọ́n ojú ilẹ̀ kéékèèké ká, má kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Igi tó fẹ́ràn etí odò kì í hù sórí òkè. Bí hẹ́kítà rẹ bá bọ́ sórí òkè, ìwọ àti igi etí odò ò ní pàdé.

Ọ̀gá rẹ á tún béèrè Shannon, mo mọ̀: ìṣirò tí a fi ń mọ bí oríṣi ṣe pọ̀ tó àti bí igi ṣe pín dọ́gba sí láàárín wọn. Mú ojú ilẹ̀ méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igi 100, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oríṣi 10. Nínú èkíní, oríṣi kọ̀ọ̀kan ní igi 10. Nínú èkejì, oríṣi kan gba igi 91, àwọn mẹ́sàn-án yòókù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ka oríṣi nìkan, ọgbọọgba ni wọ́n. Shannon á fún èkíní ní 2.30, á fún èkejì ní 0.50. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: bí o bá kọ igi oríṣi mẹ́ta sílẹ̀ ní "ayùnrẹ́", Shannon ò ní mọ̀. Á fún ọ ní nọ́ńbà tó mọ́ tónítóní, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Igbó — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin òbí mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ Olùkọ́ tọ ọ̀gá mi lọ, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní hẹ́kítà kan náà ni kí n ṣe, lójú kan.

Bàbá Fọ́rẹ́sítì — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:44 alẹ́

Ọ̀gá rẹ jàre. Olùkọ́, ẹ má bínú, orí ìwé ni tiyín ti dùn. Inú Omo yẹn, hẹ́kítà 460 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1946 pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, UNESCO sì tún kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tí wọ́n ń dáàbò bò káàkiri ayé lọ́dún 1977. Èyí tó yí i ká ńkọ́? Gmelina, igi ilẹ̀ òkèèrè tí ìjọba gbìn, oko kòkó, ibi tí àwọn agẹgẹdú ti kó tiwọn lọ. Bí ọmọ yìí bá fọ́n ojú ilẹ̀ ká, ìdajì rẹ̀ á bọ́ sínú gmelina. Kí ló fẹ́ kà níbẹ̀?

Olùkọ́ Ìṣirò — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 alẹ́

Gmelina ni kó kà, Bàbá. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé gmelina ni. Ìyẹn náà wà nínú igbó Omo lónìí, ẹ ò lè fi tirẹ̀ pamọ́. Ibi tó dára nìkan lẹ fẹ́ ká máa kà.

Bàbá Fọ́rẹ́sítì — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:13 alẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ ka àgbàdo, kó lọ sóko àgbàdo.

Olùkọ́ Ìṣirò — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:31 alẹ́

Mo ti gbọ́, sà. Mi ò tíì gbà, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́.

Àbúrò, níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ hẹ́kítà kan: ṣọ́ra fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí o bá na tẹ́ẹ̀pù lé ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ ní dígírì 20, tó o ka mítà 20, mítà 18.8 lo ní ní tòótọ́. Na tẹ́ẹ̀pù dé mítà 21.3 kó tó pé. Tàbí kẹ́ ẹ gbé tẹ́ẹ̀pù sókè kó lọ gbọọrọ, kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n ní kéékèèké. Igi tó bá dúró lórí okùn, bí ìdí rẹ̀ bá wọlé ju ìdajì lọ, tìrẹ ni.

Ìyá Eléwé — Ọjọ́rú, 6:12 àárọ̀

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mò ń ta ewé àti egbò lọ́jà, láti kékeré. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń ka gbogbo ohun tó hù nínú igbó. Ohun tó sanra tó sẹ̀ǹtímítà 10 nìkan? Gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ mi yìí, èyí tó ju ìdajì lọ kò sanra tó ìka ọwọ́ mi. Atọ́rì, ìtàkùn, ewé tí à ń fi pọ́n mọ́ínmọ́ín tí èso rẹ̀ pupa sùn sílẹ̀ nídìí, tí inú rẹ̀ dùn ju ṣúgà. Ọ̀mu ńkọ́? Àwọn tó gun ẹ̀ka igi jókòó lókè ńkọ́? Tí wọ́n bá bi yín pé kí ló wà nínú igbó, ẹ ó ní wọn ò sí?

Ìyá Ewé Gbígbẹ — Ọjọ́rú, 7:00 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ ti bá mi sọ ọ́. Àbúrò, nínú ojú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ya igun kan sọ́tọ̀, mítà 5 sí mítà 5, ka àwọn igi kéékèèké ibẹ̀. Nínú ìyẹn náà, ya mítà 1 sí mítà 1, kúnlẹ̀, ka ewéko ilẹ̀. Bí àyè ò bá gbà ọ́, kọ ọ́ sí orí iṣẹ́ rẹ gàdàgbà pé "igi" lo kà. Má kọ "ewéko".

Ọmọ J4 — Ọjọ́rú, 12:37 ọ̀sán

J4, ìlú kékeré kan nínú igbó Omo, ni wọ́n bí mi sí. Gba ìwé àṣẹ kó o tó wọlé, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó má lọ rò pé agẹgẹdú ni yín. Erin wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí ẹ bá rí ìgbẹ́ rẹ̀ tó ṣì ń rú èéfín, ẹ gba ibòmíràn.

Ẹ̀dùn ọkàn mi nìyí. Bàbá mi ló máa ń mú àwọn oníwádìí wọgbó. Ó lè dá igi mọ̀ lókùnkùn, á kàn fọwọ́ pa èèpo rẹ̀. Àwọn kan ti fi orúkọ tó pè fún wọn gba oyè, kò sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ sí nínú ìwé wọn. "A fi ọpẹ́ fún àwọn ará abúlé." Ará abúlé wo? Sanwó bàbá tó ń mú ọ rìn dáadáa, kó o sì kọ orúkọ rẹ̀ sójú ìwé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá rẹ.

Táyé Tẹ́kì — Ọjọ́rú, 12:59 ọ̀sán

Ọmọ J4, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ti dákẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Igbó — Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kejì, 8:15 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. A ti jáde kúrò nínú igbó fún ìsinmi ọjọ́ kan. A ti parí ojú ilẹ̀ mọ́kàndínlógún. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀, Mà. Sípíríìtì rùn wọ aṣọ mi débi pé onímọ́tò fẹ́ sọ̀ mí kalẹ̀ lánàá. A ya igun kéékèèké sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ti ewéko ilẹ̀ ò ṣeé ṣe, nítorí náà "igi" ni mo kọ, Ìyá Eléwé.

Ọ̀rọ̀ ìrẹ́ ni mo wá sọ. Ní ọjọ́ kẹfà, mo sọ ohun tí Bàbá Fọ́rẹ́sítì wí fún bàbá tó ń mú wa rìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn? Tí o bá ti bi mí, ǹ bá ti sọ fún ọ." Wọ́n ha èèpo, wàrà yọ, wọ́n ní kí n na ọwọ́. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka kejì yí i. Kò pẹ́ rárá, ó dì, ó di kókó kékeré bí ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ti jẹ, mo fà á, ó nà, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà. A bọ́ sídìí ìkejì, kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́ rárá. Ewé kan náà lójú mi, wàrà funfun kan náà. Mo yí i, yí i, ó kàn lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò dì. "Akọ nìyẹn," ni bàbá wí.

Mo ṣí ìwé mi sẹ́yìn. Lójú ilẹ̀ kìíní dé ìkárùn-ún, igi mẹ́rìnlá ni mo kọ "ìrẹ́" sí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò yí oje ìkankan wò nínú wọn. Lọ́la, aago mẹ́jọ àárọ̀, nọ́ńbà 0007 la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Fọ́rẹ́sítì — Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:40 alẹ́

Ẹ tètè dé ibẹ̀. Kí bàbá yẹn sì fún ọ ní orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀.